Ìwà àti Ìlépa Ọlà ní Àkókò Ọ̀wọ́n: Àtúnkà Omenuko ti Pita Nwana

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àtúnkà Omenuko, ìwé ìtàn àròsọ tí Pita Nwana fi èdè Igbo kọ, tó sì gba ẹ̀bùn ní ọdún 1933. Ohun tí a gbé yẹ̀ wò ni ìwà olú ẹ̀dá-ìtàn náà ní ọjọ́ tí òwò rẹ̀ dojú dé. Èrò wa ni pé ìwé náà kò dá ìlépa ọlà lẹ́bi. Ohun tó fi hàn ni bí ọkùnrin aláápọn kan ṣe gbé àdánù ara rẹ̀ ka orí àwọn tó jẹ ní gbèsè jù lọ, ìyẹn àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. A fi ojú àṣà ẹ̀kọ́ṣẹ́ òwò tó gbilẹ̀ ní Onitsha wo ìtàn náà, a sì fi wé Sẹ̀gilọlá ti I. B. Thomas. Ní ìparí, a dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà kọ́ ọ ní kíláàsì.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá gba orí afárá Odò Ọya wọ Onitsha láti ìhà Asaba kò ní rìn jìnnà kó tó rí ọmọdékùnrin kan tó ń to ọjà sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Òun kọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kì í gba owó oṣù. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fún un ní ibi tí yóò sùn, òun ló sì ń kọ́ ọ ní òwò. Tí ọdún tí wọ́n jọ ṣàdéhùn bá pé, ọ̀gá yóò fún un ní owó àti ọjà tí yóò fi dá dúró. Igba boi ni àwọn Igbo ń pe ètò yìí. Kò sí ẹni tó dé ọjà Onitsha tí kò rí èso rẹ̀: ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ tó ń gba ọmọ síṣẹ́ lónìí ti fìgbà kan rí jẹ́ ọmọ-iṣẹ́.

Bí a ti péjọ sí ìlú yìí láti jíròrò lórí èdè àti ẹ̀kọ́, ó yẹ kí á béèrè ìbéèrè kan tí kì í sábà wáyé nígbà tí a bá ń yin ètò náà: kí ni í ṣẹlẹ̀ sí ọmọ-iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá ṣòfò? Ìwé ìtàn àròsọ tí a kà sí àkọ́kọ́ ní èdè Igbo ti béèrè rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìdáhùn tó fún un kò dùn létí.

Ó lè ya àwọn akẹgbẹ́ wa kan lẹ́nu pé èdè Yorùbá ni a fi ń ṣe lámèyítọ́ ìwé Igbo. Ohun tó fà á ni pé ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ̀ka Igbo kì í ka ìwé Yorùbá, ẹ̀ka Yorùbá kì í ka ìwé Igbo. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni afárá tó so wá pọ̀. Ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹgbẹ́ tó gbọ́ Igbo dáadáa ni a fi ka ìwé yìí, a sì fi ojú àṣà wa wò ó. Ojú àlejò lè rí ohun tó ti mọ́ onílé lára.

Òǹkọ̀wé, ìwé àti àkókò

Ọmọ Arondizuogu ni Pita Nwana. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Methodist ní Uzuakoli. Àjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń rí sí èdè àti àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ló ṣètò ìdíje tí ìwé náà ti gba ẹ̀bùn ní 1933, ilé-iṣẹ́ Longmans ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀bùn yẹn ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde ní èdè Yorùbá. Àmọ́ ọ̀nà àwọn ìwé méjèèjì jìn síra wọn. Inú igbó àwọn iwin ni Fágúnwà rán akọni tirẹ̀ lọ; ojú ọ̀nà ọjà ni Nwana rán tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó gbé ayé ní tòótọ́ ní Arondizuogu ni ìtàn náà dá lé lórí.

Àkókò tí a kọ ìwé náà ṣe pàtàkì. Ní 1929, òwò àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, iye owó epo pupa àti èkùrọ́ tí ilà-oòrùn Nàìjíríà gbójú lé sì já wálẹ̀. Ní òpin ọdún kan náà ni àwọn obìnrin agbègbè Aba, Owerri àti Calabar dìde, nítorí ìbẹ̀rù pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn àti nítorí ìnilára àwọn olóyè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé àṣẹ yàn. Ìtàn inú ìwé náà ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí ayé ìgbà tí ẹrù ṣì ń ti orí alárùú dé ọjà, tí òwò ẹrú kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, ni ó ń sọ. Síbẹ̀, inú àkókò ọ̀wọ́n ni àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ rẹ̀ wà. Ìtàn oníṣòwò tí ohun gbogbo bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò ṣàjèjì sí wọn.

Ìtàn náà ní ṣókí

Inú òṣì ni Omenuko ti dìde. Ó kọ́ṣẹ́ òwò, ó forí ṣe é, ó sì di ọlọ́rọ̀ tí àwọn òbí ń fa ọmọ wọn lé lọ́wọ́ kí ó lè kọ́ wọn. Ní ọjọ́ kan, òun, àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn alárùú gbéra lọ sí ọjà Bende. Afárá tí wọ́n ń gbà kọjá wó lójú ọ̀nà, odò sì gbé ọjà lọ. Omenuko kò padà sílé lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e, títí kan àwọn ọmọ ẹbí, ó sì tà wọ́n lẹ́rú kí ó lè rí owó rẹ̀ padà.

Nígbà tó délé, ó mọ̀ pé ilẹ̀ kò ní gba òun mọ́. Ó ronú láti pa ara rẹ̀, ó sì fẹ́ mú àwọn mìíràn lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàrọwà fún un. Ó sá kúrò nílùú pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ olóyè kan tó ń jẹ́ Mgborogwu ló ti rí ààbò. Níbẹ̀ ló ti tún bẹ̀rẹ̀, tó tún là. Nígbà tí Mgborogwu kú, òun ló di adelé sí ipò olóyè, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní olóyè. Ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn onílẹ̀. Níkẹyìn, ó ná owó lórí ríra àwọn tó tà padà, ó ṣètùtù fún ilẹ̀, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ làjà, ó sì padà sílé.

Orúkọ àti ọjọ́ ìdánwò

Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ọmọ. Ìtumọ̀ Omenuko ni ẹni tó ń ṣe ohun ribiribi nígbà tí nǹkan wọ́n. Oríkì ọlọ́làwọ́ nìyẹn: nígbà tí ọwọ́ gbogbo ayé kúrú, tirẹ̀ ṣì gùn. Ìwé náà mú orúkọ yìí, ó sì dán an wò. Nǹkan wọ́n ní tòótọ́ ní etí odò ọ̀nà Bende. Kí ni ẹni tó ń ṣe ohun ribiribi lọ́jọ́ ọ̀wọ́n wá ṣe? Ó ta ọmọ ọlọ́mọ. Orúkọ àti ìṣe kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìyókù ìwé náà sì di ìrìn-àjò ẹni tó ń gbìyànjú láti tún orúkọ ara rẹ̀ bá.

Ọ̀lẹ kọ́ ni Omenuko, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ìtàn náà ti wọni lára. Ní ilé-ẹ̀kọ́, a máa ń kọ́ ọmọ bí ẹni pé aápọn àti ìwà rere jẹ́ ohun kan náà: ọ̀lẹ ni yóò jalè, aláápọn ni yóò ṣe dáadáa. Omenuko tú ẹ̀kọ́ yẹn palẹ̀. Òun ló tètè jí jù, òun ló mọ ọ̀nà ọjà jù, síbẹ̀ òun náà ló ta ọmọ. Aápọn lè gbé ènìyàn dé ipò ọlá, àmọ́ kò lè sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ipò náà bá ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwà ló ń sọ ìyẹn.

Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni? Ó lè padà sílé lọ ké sí ẹbí. Ó lè yá owó. Ní ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́, onígbèsè lè fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà títí yóò fi san gbèsè tán. Ẹ̀sín ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló fi dúró fún gbèsè ara rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ló ní ohun kan tí Omenuko kò lè gbà: kí ayé rí i pé ó ṣubú. Ohun tó bẹ̀rù kì í ṣe ebi. Ìtìjú ni. Ìlépa ọlà rẹ̀ ti kúrò ní wíwá owó, ó ti di sísá fún ojú ayé. Ẹni tó ń sá fún ojú ayé kì í wo ẹni tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Ọmọ-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olówó ọ̀gá

Kókó tí a fẹ́ kí ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa fara balẹ̀ wò nìyí. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, yóò sì ṣe fírídọ̀mù nígbà tó bá parí. Ohun tó ń rà ni ìmọ̀. Bí ọ̀gá bá ṣubú lọ́dún kejì, ìmọ̀ ọdún méjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igba boi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kò san owó, wọn kò sì san owó fún un. Ohun gbogbo tó yẹ kó gbà fún iṣẹ́ ọdún gbọọrọ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni gbèsè ọ̀gá ń pọ̀ sí i. A jẹ́ pé ọmọ tó ń sin ọ̀gá ni olówó tí ọ̀gá jẹ ní gbèsè jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù nínú gbogbo àwọn olówó rẹ̀, tí kò sì ní ìwé tí yóò fi pe ẹjọ́.

Bí a bá wò ó báyìí, ohun tí Omenuko ṣe kọjá ìwà ìkà lásán. Ó ta àwọn olówó rẹ̀. Nínú ìṣe kan ṣoṣo, ó rí owó gbà, ó sì pa gbèsè rẹ́. Àwọn ọmọ tí àwọn òbí rò pé wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè di oníṣòwò ni ó sọ di ọjà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí. Òun gan-an ló gbé ọmọ sórí àtẹ.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí ààyè nínú ìtàn bí Omenuko ti rí i. Ẹ̀yìn Omenuko ni asọ̀tàn ń tẹ̀ lé. A bá Omenuko sunkún, a bá a sá, a bá a jẹ oyè, a bá a padà. Ìrora ọkàn rẹ̀ ni a gbọ́. Ti àwọn tó tà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. A kò sọ èyí láti bu Nwana kù. Ìtàn ẹni tó ṣẹ̀ tó sì ronú pìwà dà ló ń sọ, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti fi ìka sí ibi tí ohùn kò ti jáde.

Ṣé sísan án padà tó?

Bí a bá kọ́ ìwé yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò dìde béèrè pé: ‘Ṣebí ó rà wọ́n padà?’ Ìbéèrè tó dára ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé Igbo ló fẹ́ràn Omenuko nítorí pé kò gbàgbé. Olówó ni, alágbára ni, ó sì wà níbi tí ọwọ́ àwọn ará ilé kò ti lè tètè tó o. Ó lè jókòó síbẹ̀ kú sínú ọlá. Ó yàn láti san gbèsè, kó sì fi orí balẹ̀ fún ilẹ̀. Ìwà nìyẹn pẹ̀lú, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á wo irú ìsanpadà tó jẹ́. Ipò olóyè àti òwò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìgbèkùn ló pèsè owó rẹ̀. Irú ipò olóyè yẹn, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fọwọ́ sí, ni àwọn obìnrin dìde sí ní 1929. Òǹkàwé àwọn ọdún yẹn kò lè kà á kó má rántí wọn. Ìyẹn ni pé bí Omenuko ti ń san gbèsè kan lẹ́yìn, ìjà mìíràn ń hù níwájú rẹ̀ nítorí ìlépa kan náà. Owó lè ra ènìyàn padà. Kò lè ra ọdún tó lò lóko ẹrú padà. Ètùtù lè tu ilẹ̀ lójú. Kò sọ ohun tí ìyá ọmọ náà fi ojú rí.

Níbí ni fífi í wé ìwé Yorùbá ti wúlò. Láti 1929 wọ 1930 ni I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bí ẹni pé lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ láti orí àìsàn ni. Sẹ̀gilọlá náà lépa ọlá àti ìgbádùn ní Èkó, ó sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń jẹ́wọ́, gbogbo ìlú ló sì ń jẹ́wọ́ fún lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kò ní kọ́bọ̀ tí yóò fi san ohunkóhun padà. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ní. Omenuko ní owó, ó sì san án. Ẹlòmíràn ló ń bá a sọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́wọ́ láìsan, èkejì san láìfi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà fún wa. Bí a bá gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ìrònúpìwàdà ní apá méjì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kò sì lè gbé e dúró.

Ọ̀wọ́n ti òde òní

A kò lè sọ pé ọ̀wọ́n ló sọ Omenuko di ohun tó dà. Ìtàn Onitsha fúnra rẹ̀ ta ko ìyẹn. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní January 1970, ọjà ńlá Onitsha ti wó, ẹni tó sì ní owó ní báǹkì lásìkò Biafra, iyekíye tó ní, £20 péré ni ìjọba gbà láti san fún un. Ọ̀wọ́n wo ló tún ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni igba boi tún gbilẹ̀. Ẹni tó rí ìwọ̀nba ọjà kó jọ mú ọmọ ẹbí tàbí ọmọ aládùúgbò mọ́ra, ó kọ́ ọ, ó sì fún un ní tirẹ̀ nígbà tó yá. Àìní kan náà tó mú Omenuko ta ọmọ ló mú ọ̀pọ̀ ọ̀gá gba ọmọ tọ́. Ìyàtọ̀ kò sí nínú àìní. Ó wà nínú ẹni tí a gbà pé kí àdánù jọ kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Láti June 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, owó tó ń ra páálí ọjà mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ kò ra márùn-ún mọ́, ọ̀wọ́n-gógó ọjà sì kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2024. Ọ̀gá tó ṣèlérí ní 2018 pé òun yóò dá ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà bá ìlérí náà nínú ọjà tó yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tó ń ta ọmọ lẹ́rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá wá ẹ̀sùn sí ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kó gba òmìnira, tó sì lé e lọ lọ́wọ́ òfo, ọ̀nà Bende náà ló ń rìn. Gbèsè kan náà ló fẹ́ pa rẹ́, ẹni kan náà ló sì fẹ́ fi pa á rẹ́.

Ìwé náà nínú kíláàsì

Iṣẹ́ wa ni kíkọ́ àwọn tí yóò kọ́ àwọn ọmọ. A dábàá iṣẹ́ mẹ́ta. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ìrìn-àjò Bende sọ láti ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a tà, ní èdè abínibí rẹ̀, kí wọ́n sì ka èyí tí wọ́n kọ sí etígbọ̀ọ́ ara wọn. Ìkejì, kí ẹ̀ka lítíréṣọ̀ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò jókòó pọ̀: kí wọ́n ṣírò ohun tí Omenuko jẹ ọmọ-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí afárá wó, kí wọ́n sì kọ àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó sọ ohun tó tọ́ sí ọmọ bí ọ̀gá bá ṣòfò lójijì. Ìkẹta, kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ àgbà sílẹ̀ ní kíláàsì láti gbọ́ ẹjọ́ Omenuko lọ́jọ́ tó padà sílé. Kí ìyá ọmọ kan wà níbẹ̀, kó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Omenuko kò sọ pé kí ọmọdé má lépa ọlà. Òǹkọ̀wé rẹ̀ mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́, ó sì mọ iyì òwò. Ohun tó kọ sílẹ̀ fún wa ni pé ọlà tí a fi ìgbẹ́kẹ̀lé ọmọ ọlọ́mọ kó jọ, gbèsè wà nídìí rẹ̀, ọjọ́ ọ̀wọ́n ló sì máa ń fi irú ẹni tó jẹ gbèsè náà hàn. Nígbà tí a bá jáde kúrò nínú gbọ̀ngán yìí, ọmọ tó ń to ọjà yóò ṣì wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fi ọdún rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá, kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan. Bí a bá ti kọ́ Omenuko dáadáa, ẹni tí yóò di ọ̀gá lọ́la yóò mọ orúkọ tó yẹ kó máa pe ọmọ náà lọ́kàn ara rẹ̀: olówó mi.